Bí Òkè Bá Ń Fà Yín Lọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Síkì

Àtìgbà tí mo ti jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu mi nínú abala yìí pé ọdún 19 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Calgary, ní Kánádà, kí n tó padà sílé sí Akóbọ̀, àti pé mo kọ́ síkì níbẹ̀ lẹ́ni ọdún 38, lẹ́tà ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo mọ nǹkan yìí ní gbogbo Ìbàdàn. Àṣé àwọn òbí tí ọmọ wọn ti jápa lọ sọ́hùn-ún ti ń so pátákó mọ́ ẹsẹ̀, wọn ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Fún ẹni tí kò rí i rí: síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń dè mọ́ bàtà líle, tí a fi ń yọ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀. Èyí tó funfun tó rọ̀ bí òwú ni mo ń pè ní òjò dídì, bí Bíbélì ṣe pè é. Èyí tó le bí gíláàsì ni mo ń pè ní yìnyín. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, torí ọ̀tọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń rìn lórí wọn.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ rèé: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 56 ni mí. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, mo máa ń lọ kí ọmọ mi ní Calgary, wọn a sì máa mú mi lọ sí òkè síkì tó ń jẹ́ Nakiska. Ọdún kẹrin rèé. Àwọn ọ̀nà aláwọ̀ ewé, tó rọrùn jù, ò dẹ́rù bà mí mọ́, mo sì ti bọ́ sí ti aláró, tó le díẹ̀ sí i. Àmọ́ bí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́ báyìí, síkì á gbà mí lọ́wọ́. Màá la ẹsẹ̀ méjèèjì bí òrùlé ilé, itan mi á máa ta bí iná, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 á sì fò kọjá lára mi. Tó bá jẹ́ yìnyín ni, ìdí ni mo fi ń dé ìsàlẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Bàbá Ìbejì, Òkè Àdó.

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu. Mo mọ Nakiska dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi ìdí balẹ̀ lójú àwọn ọmọ mi. Torí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tí Calgary gbà lálejò ní 1988 ni wọ́n ṣe là á sílẹ̀, orí rẹ̀ sì ni àwọn eléré síkì ti díje. Nítorí náà, bí àwọn ibì kan níbẹ̀ bá ń já yín láyà, ẹ̀bi yín kọ́.

Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ àìsàn náà: itan tó ń ta. Ẹni tó bá dúró dáadáa lórí síkì, egungun rẹ̀ ló ń gbé e. Ẹni tó ń jókòó lórí afẹ́fẹ́ ni itan rẹ̀ ń ta, ẹ̀yin náà sì ti jókòó láìmọ̀. Bí òkè bá dà, ẹ̀rù á bà yín, ara á fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo wa ṣe rí. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Àrẹ̀ lẹ́yìn òjò, gìgísẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa, ọgbọ́n ni. Lórí síkì, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí iwájú síkì ló ń mú ọ̀nà. Tí ìwúwo yín bá ti lọ sí gìgísẹ̀, iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ẹ ti rí ọ̀kadà tí wọ́n di iṣu sí lẹ́yìn rẹ̀ títí táyà iwájú fi fẹ́ gbéra nílẹ̀ rí? Kí ọlọ́kadà yí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú, kò ní yà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe máa kọ́kọ́ dà bí ìwà òmùgọ̀: ibi tó ń bà yín lẹ́rù ni kí ẹ fara sí. Ojúgun yín gbọ́dọ̀ máa fara ti ahọ́n bàtà níwájú, láti ìbẹ̀rẹ̀ òkè dé ìparí. Ká ní ẹ fi náírà ẹgbẹ̀rún kan sáàárín ojúgun àti bàtà, owó yẹn ò gbọdọ̀ bọ́ títí ẹ ó fi délẹ̀. Kókósẹ̀ á ká díẹ̀, orúnkún á rọ̀, ọwọ́ méjèèjì á wà níwájú níbi tí ojú yín ti ń rí wọn láì tẹrí. Ọwọ́ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: bí ọwọ́ kan bá ti já sẹ́yìn, èjìká á tẹ̀ lé e, ìdí á tẹ̀ lé èjìká. Èmi máa ń sọ fún ara mi pé àwo ọbẹ̀ ni mo gbé lọ fún ìyá ọkọ mi. Kò sí ìyàwó tó ń gbé ọbẹ̀ fún àna tí ọwọ́ rẹ̀ á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ eré wá kù. Ẹsẹ̀ lílà yẹn ni ẹ sọ di bíréèkì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ni, ó sì dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́. ‘Pizza’ ni àwọn olùkọ́ ń pè é fún àwọn ọmọdé torí pé ó jọ ẹ̀là rẹ̀. Àmọ́ níbi tí òkè bá ti dà, iṣan itan nìkan ni ẹ fi ń bá òkè wọ̀jà, òkè kì í sì í rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà ló yẹ kó máa pa eré.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí lókè yẹn. Ibi tí omi náà máa gbà sọ̀kalẹ̀ ni mò ń pè ní ipa omi. Síkì tó kọjú sí ipa omi, sísá ni yóò sá. Èyí tó dábùú rẹ̀, á dákẹ́. Gbogbo iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ máa kọjá ipa omi yìí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹ sì máa parí yíyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ mi o, kí ẹ parí rẹ̀. Ẹ yà títí síkì á fi dábùú òkè, kódà kí imú rẹ̀ wo òkè díẹ̀, kí ẹ dúró kí eré náà kú díẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ní sùúrù yẹn. Á yà dé ìdajì, á já a, á yà sí apá kejì, eré tó kù nílẹ̀ á gun orí tuntun. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, orúkọ Jésù ló ń pè. Àwọn tó ń ti ọmọlanke láti Màpó lọ sí Ọjà-Ọba ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ síkì kankan, wọ́n mọ̀ pé ẹrù kì í dojú kọ ìsàlẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e. Èmi máa ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ yíyà míì láì tíì pe ẹ̀ta. Bí mo bá gbọ́ pé ohùn ara mi ti ń yára, mo mọ̀ pé mo ti ń já a nìyẹn.

Ẹsẹ̀ wo ló wá ru ẹrù? Ẹsẹ̀ ìta ni. Bí ẹ bá ń yà sósì, ọ̀tún ni ẹsẹ̀ ìta. Bí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún, òsì ni. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló máa wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá yà tán, orí rẹ̀ sì ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ìwúwo yín wà. Ẹ̀rù ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Á ní kí ẹ fara ti òkè, bí ẹni tó ń di ògiri mú, ẹsẹ̀ inú á wá gba gbogbo ẹrù, síkì ìta á sì yọ̀ lọ nù ún. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ tó gun òkè aláró rárá, ẹ padà sí ọ̀nà aláwọ̀ ewé tó rọrùn jù, kí ẹ sì máa gbé ìdí síkì inú kúrò nílẹ̀ bí ìka mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ń yà, kí imú rẹ̀ ṣì kan ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè gbé e, ó túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ ni ẹ dúró lé. Kò sí olùkọ́ tó máa sọ òótọ́ fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti àyà àti ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ mi fi ń sọ fún mi pé kí àyà mi máa kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè, kí ẹsẹ̀ máa yí lábẹ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò kàn yé ara mi ni. Gbogbo ara ni mò ń yí pọ̀ bí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo jókòó sórí àga tó ń gbéni gòkè, mo rántí ẹnu ẹ̀rọ omi wa ní Òkè Bọ́lá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Garawa wà lórí mi, kò sí òṣùká, mo ń gba àárín kòtò àti òkúta kọjá. Orí mi ò mì. Ojú mi ń wo iwájú, mi ò wo ẹsẹ̀ rárá. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo yíyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga yẹn, mo gbé garawa tí kò sí níbẹ̀ ru, mo sì sọ̀kalẹ̀. Olùkọ́ mi dúró nísàlẹ̀, ó ní, “Kí lo jẹ lónìí?” Ẹ̀yin náà ti ru omi rí, Bàbá Ìbejì, ìran tiwa ò lè sọ pé òun ò ru omi. Ẹ gbé garawa yín.

Yìnyín: ẹ ti máa gbọ́ orúkọ atẹ́gùn Chinook lẹ́nu àwọn ará Calgary. Láti orí àwọn òkè Rocky ló ti ń rọ́ sọ̀kalẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè yọ́ òjò dídì lọ́sàn-án. Tí òtútù òru bá wá mú ohun tó yọ́ yẹn, gíláàsì lẹ máa bá láàárọ̀. Ẹ má tètè gun òkè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mu tíì yín, kí oòrùn ràn án díẹ̀. Bí ẹ bá sì já lù ú láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má ta kìjí, ẹ má sì gbìyànjú láti yà lórí rẹ̀. Ẹ rọra jẹ́ kó gbé yín kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni òjò dídì rírọ̀ sábà máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yà.

Ohun tó ń di yìnyín mú ni irin tó wà létí síkì. Ẹni tó ti roko rí á mọ̀ pé ọkọ́ tí a bá tẹ́ pẹrẹsẹ á yọ̀ kọjá lórí koríko, àmọ́ bí a bá gbé e dúró díẹ̀, á bu ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkì. Ẹ dúró dábùú òkè, síkì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ rọra tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ó yọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ tún ti orúnkún sí òkè kí etí rẹ̀ bu ilẹ̀, kó dúró. Ẹ yọ̀, ẹ dúró. Ẹ ṣe é sí ọ̀tún, ẹ ṣe é sí òsì, títí á fi sú yín. Ọdún kejì mi ni mo tó kọ́ èyí, ó sì dùn mí pé n kò kọ́ ọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ̀kalẹ̀ láti ibikíbi. Bó bá já sí òkè tó ju agbára rẹ̀ lọ, á kàn dábùú, á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi délẹ̀. Kó gbé ìtìjú sápò.

Kí oṣù kìíní tó dé, ẹ ní ohun tí ẹ lè ṣe ní Ìbàdàn. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró tí ẹ bá ń fọ eyín. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ ká orúnkún bí ẹni jókòó, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí itan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ tún lè máa gun Láyípo ní Òkè Àrẹ̀, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 fún ìrántí Bower, Òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Sísọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn náà jẹ́jẹ́ ló ṣe pàtàkì, gígun rẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó wọ bàálù.

Mo ti tọ́jú orúnkún tó pọ̀ tó láti sọ èyí: ẹ̀yìn ọ̀sán, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó relé”, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni kí ẹ má lọ. Tí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ ń ṣubú, ẹ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tán. Ẹni tó ń gbìyànjú láti dìde pẹ̀lú ìdí tó ti kan síkì lẹ́yìn ni iṣan inú orúnkún rẹ̀ máa ń já.

Ní ti ọmọ ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé òfin wà. Ẹni tó wà lókè ló gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, torí ẹni ìsàlẹ̀ ò ní ojú lẹ́yìn orí. Ó lè fò kọjá lára bàbá àgbà, àmọ́ kó jìnnà.

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, bàtà síkì tí mo háyà lọ́dún tó kọjá fẹ́ pa mí. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì kó má bàa dùn mí, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú rẹ̀, èékánná àtàǹpàkò mi dúdú. Ṣé kí n gba èyí tó tóbi sí i ni? Ìyá Tèmi, Bódìjà.

Rárá o, èyí tó kéré sí i ni kí o gbà, àbúrò mi. Ohun tó ṣe mí náà nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin kan wo ojú mi, ó bi mí ní nọ́ńbà bàtà mi, ó fún mi ní èyí tó fi méjì ju ẹsẹ̀ mi lọ kí ara lè tù mí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò pé èmi ni mi ò mọ síkì í ṣe. Mò ń yí ẹsẹ̀ nínú bàtà, bàtà ò gbọ́, síkì ò mọ̀ pé mo sọ nǹkan kan.

Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn bàtà síkì. Jẹ́ kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí o bá wọ̀ ọ́ tí o dúró gbọnran, ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan iwájú fẹ́rẹ́. Bí o bá wá ká orúnkún síwájú, ìka á kúrò níbẹ̀, gìgísẹ̀ á sì jókòó tì sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ gbéra. Ó yẹ kó gbá ọ mú bí ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, láì fún ọ pa. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tínrín, tó gùn dé abẹ́ orúnkún. Ìkejì yẹn ló ń ká jọ tó ń gé ẹ lára. Rọra de àwọn ìdè ìsàlẹ̀, kí o wá fún àwọn ti òkè. Èékánná rẹ dúdú torí pé ẹsẹ̀ ń sáré lọ gbá iwájú bàtà nígbà gbogbo tí o bá jókòó sẹ́yìn. Ka ìdáhùn Bàbá Ìbejì.

Ó ku ohun kan tí ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa bi ọ́ ní ìwúwo rẹ. Má purọ́. Ìwúwo, gíga, ọjọ́ orí àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó ni wọ́n fi ń ṣètò ohun tó de bàtà mọ́ síkì. Bí o bá dín in kù, síkì lè bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ nígbà tí kò yẹ. Ẹni tó bá sì fọ́nnu pé òun ti di ọ̀gá, síkì lè kọ̀ láti bọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó bọ́, kí ó wá lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wà nídìí káńtà ò mọ ẹnikẹ́ni ní Bódìjà tó máa sọ fún.

Ṣé síkì inú ilé tó wà ní Dubai já mọ́ nǹkan kan? Àbúrò ọkọ mi ní ṣeréṣeré ni, pé kò tiẹ̀ yẹ aláwọ̀ dúdú. Òǹkàwé yín ní Mọ́kọ́lá.

Ó já mọ́ nǹkan. Ski Dubai ṣí ní 2005 nínú Mall of the Emirates. Òjò dídì gidi ni wọ́n ń ṣe síbẹ̀, ọ̀nà tó gùn jù níbẹ̀ sì jẹ́ 400 mítà. Ó kúrú, àmọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì ni èèyàn lè ṣe níbẹ̀, láti orí owó bébà nínú bàtà dé orí gbígbé ìdí síkì inú. Ohun tí kò ní kọ́ yín ni atẹ́gùn, yìnyín, àti ọjọ́ tí ìkùukùu bo òkè tí ohun gbogbo funfun, tí ojú ò rí ibi tí ilẹ̀ ti gbé sókè tàbí tó lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ igi ni kí ẹ máa gbà, torí òjìji igi á fi ilẹ̀ hàn yín.

Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé inú ilé bẹ́ẹ̀, ní Milton Keynes ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Kwame Nkrumah-Acheampong ti kọ́ síkì, òun ló sì ṣojú Ghana nínú Òlíńpíìkì Vancouver ní 2010. Ilẹ̀ adúláwọ̀ náà ní òkè tí wọ́n ti ń ṣe é: Oukaïmeden wà ní Mòrókò, Afriski sì wà ní Lẹ̀sótò.

Mo rí síkì tó dáa ní ẹ̀dínwó. Ṣé kí n rà á kí n gbé e bọ̀ wá sílé, kí n máa gbé e lọ ní ọdọọdún? Ọlọ́jà kan, Dùgbẹ̀.

Ẹ má rà á, ẹ máa háyà rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi gbé tèmi bọ̀. Owó tí mo san fún bàálù tó owó tí mo fi rà á, ọ̀rinrin Akóbọ̀ sì ti jẹ irin etí rẹ̀ tán láàárín òjò méjì. Ọ̀kan wà lórí àjà. Èkejì ni ọmọ àbúrò mi fi ń ti géètì ẹ̀yìn, ó ní kò sí igi tó le tó o.